Ìyá àgbà tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tẹ̀ fẹ́ kí n kọ ìtàn òun. Ṣé kí n fi orúkọ rẹ̀ sí i?

Aláró_Kékeré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè dá rò.

Àbúrò ìyá ìyá mi ṣì wà láyé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Màmá Aláṣọ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, torí òwò aṣọ ló ṣe dàgbà. Láti kékeré la ti ń rí ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ìka mẹ́ta ká kò bí èékánná àwòdì. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé epo gbígbóná ló dà sí i lọ́wọ́ níbi tó ti ń dín àkàrà. Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó. Ó ní, "Mi ò dín àkàrà rí láyé mi. Ta ni ì bá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀tẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí àmì kan tó mọ́ ju ara yòókù lọ yọ sí i léjìká. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Òru ni bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ agbégi gbé e lọ sí abúlé tí wọ́n ń kó àwọn alárùn náà sí, kí ará àdúgbò má baà rí wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń wá ní ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọdá odò. Yóò gbé oúnjẹ lé orí àpáta, yóò fà sẹ́yìn, yóò wá máa ki ọmọ rẹ̀ láti òdìkejì omi títí ọmọ á fi wá gbé e. Ó ní títí dòní, bí òun bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń ki ọmọ, ebi ló máa ń pa òun.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, tí wọ́n fún un ní ìwé pé kó máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó jẹ́ ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tó fi kó lọ sí ìlú mìíràn nìyẹn, tó lọ ń ta aṣọ. Aṣọ ò ṣeé jẹ.

Mo ti fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá. Ó fẹ́ kó di ìwé kí òun tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin gbọ́ sí i, ó sì fárígá. Ó ní ọmọbìnrin òun méjì kò tíì wọlé ọkọ, ẹni tó bá sì ń wádìí ìdílé, wèrè, wárápá àti ẹ̀tẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n yí orúkọ padà, kí n yí ìlú padà, kí n sọ pé ará Ìbíní ni. Màmá fúnra rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Kí lẹ rí sí i?

Baba_Olówe

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ kò jẹ̀bi, ọmọ mi. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Màmá yóò lọ sinmi lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin yẹn ló máa kù tí wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè. Mo ti ṣe alárinà ìgbéyàwó ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì mọ ohun tí àwọn ìdílé máa ń bèèrè ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ iyán tán. Kọ ọ́, ṣùgbọ́n bò ó.

Nọ́ọ̀sì_Àgọ́

Kí ọ̀rọ̀ orúkọ tó dé: ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àrùn ìdílé. Kòkòrò àrùn ló ń fà á. Dókítà kan tó ń jẹ́ Hansen ló rí i ní Bergen, nílẹ̀ Nọ́wè, ní 1873. Ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, ara wọn máa ń borí kòkòrò náà láìmọ̀ pé ó kàn wọ́n. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe ti owó: láti 1995 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ń pín in fún àwọn orílẹ̀-èdè lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́fà ni tàbí méjìlá, ó dá lórí bí àrùn náà ṣe tàn tó lára. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́.

Ìka kì í dédé já bọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ni kòkòrò náà máa ń bà jẹ́. Ẹni tí kò mọ ooru lára yóò di ìkòkò mú lórí iná, ọwọ́ á bó, kò ní tètè rí i, egbò á wọ egungun. Nítorí náà irọ́ epo gbígbóná tí Màmá pa, ìbátan òótọ́ ni. Mo ti wẹ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mò ń yọ èédú kúrò lójú egbò obìnrin kan, ó ń bá mi ṣàwàdà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju egbò lọ.

Baba, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń bèèrè lẹ́yìn iyán.

Tòkunbọ̀_Texas

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ti ilé yín nìkan. Ní Louisiana, lẹ́bàá odò Mississippi, ibùdó kan wà tí wọ́n ń pè ní Carville. Ní 1894 ni wọ́n kó àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀, sínú oko ìrèké kan tí wọ́n ti pa tì, ibẹ̀ sì wà títí di 1999. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń yan orúkọ tuntun, kí ojú má baà ti àwọn ará ilé rẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ, wọ́n á kọ́kọ́ fi ooru pa kòkòrò tí wọ́n rò pé ó wà lára rẹ̀ kó tó jáde. Títí di 1946 wọn ò lè dìbò.

Apòògùn kan láti Texas níbí dé ibẹ̀ ní 1931, ó di Stanley Stein. Ọdún yẹn gan-an ló dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nínú ibùdó. Àrùn náà fọ́ ọ lójú, kò dẹ́kun. Ó ń fi ìwé ìròyìn yẹn bá gbogbo ayé jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: orúkọ tí òyìnbó fi ń pe adẹ́tẹ̀, èyí tí wọ́n tún ń pe ẹnikẹ́ni tí ẹgbẹ́ bá lé dànù. Ní 1963 ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀. Stanley Stein ló kọ sí i. Ọmọbìnrin kan tún wà tó dé síbẹ̀ ní 1928, ọmọ ọdún 19, tó pe ara rẹ̀ ní Betty Martin. Òun àti ọkùnrin tó fẹ́ràn gba ihò ara ọgbà sá jáde. Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1950, ó tà wàràwàrà, ìnagijẹ yẹn ló sì wà lára rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní 1968 wọ́n rí àrùn náà lára ọmọ Laredo kan, José Ramirez. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú ni wọ́n fi gbé e lọ sí Carville, òun tó wà láàyè! Nígbà tó kọ ìwé tirẹ̀ ní 2009, José Ramirez ló kọ sí i. Ọdún 46 ló wà láàárín ìwé Stein àti tirẹ̀.

Baba_Olówe

Tòkunbọ̀, Amẹ́ríkà nìyẹn. Níbẹ̀, èèyàn lè gbé ọdún mẹ́wàá kó má mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀.

Tòkunbọ̀_Texas

Baba, mo mọ orúkọ aládùúgbò tèmi o. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹta.

Akàwé_Ìlọrin

Ìtàn tó dùn mí jù nínú gbogbo èyí ni ti òǹkọ̀wé ará Japan kan, Hōjō Tamio. Ìnagijẹ ni. Wọ́n gbà á sí ibùdó kan ní Tokyo ní 1934. Ó sọ alẹ́ àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀ di ìtàn àròsọ, ìtàn náà sì jáde ní 1936 lọ́lá ìrànlọ́wọ́ Kawabata, ẹni tó wá gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Hōjō, ọmọ ọdún 23. Àwọn èèyàn ń ka iṣẹ́ rẹ̀ láti ìran dé ìran. Ọdún 2014, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí i, ni àwọn ẹbí rẹ̀ tó gbà kí wọ́n tẹ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ síta.

Òfin tí wọ́n fi ń há wọn mọ́ nílẹ̀ yẹn, 1996 ni wọ́n tó fagi lé e, nígbà tí oògùn ti wà tipẹ́. Ní 2001 ilé ẹjọ́ ní Kumamoto dá àwọn tí wọ́n há mọ́ láre. Ní 2019 ilé ẹjọ́ kan náà dá àwọn ẹbí wọn láre: àwọn ọmọ àti àbúrò tí wọ́n fi ṣẹlẹ́yà nílé ìwé, tí àwọn àna kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí yẹn ló fi orúkọ pamọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀tọ́ wọn. Nítorí náà mi ò ní bá ẹ̀gbọ́n ìyá yín wí. Ẹ̀rù tó ń bà á ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé ìnagijẹ máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó fi bojú lọ.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Màmá ni Olivia Breitha, ọmọ Hawaii. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní 1934. Wọ́n gbé e lọ sí Kalaupapa ní 1937, ilẹ̀ tí òkun yí ká níhà mẹ́ta, tí òkè gàgàrà dí ẹ̀yìn rẹ̀. Èèyàn bí 8,000 ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti 1866 títí òfin náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1969. Ní 1988 ló gbé ìwé rẹ̀ jáde, orúkọ òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé rẹ̀. Kò fi bò rárá.

Ọ̀dọ́_Sùúrùlérè

Ẹ ti lọ jìnnà jù. Ẹ ò rántí Ebola ní Èkó ní 2014? Dókítà Ada Igonoh kó o níbi iṣẹ́, wọ́n há a mọ́ ní Yaba, ara rẹ̀ yá. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Akàwé_Ìlọrin

Mo kà á, ó sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n, ìwọ àbúrò mi, dókítà ni Ada. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n há a mọ́, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì ń gbàdúrà fún un. Màmá Aláṣọ lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn odò, kò sẹ́ni tó bá a dúpẹ́ lọ́jọ́ tó dé. Ẹrù méjèèjì kò wúwo bákan náà lórí.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́

Ẹ ń sọ ti Japan, ẹ ò sọ ti ẹnu wa. Kí ló dé tí adẹ́tẹ̀ inú òwe kì í ṣe nǹkan tó dáa? Adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè da wàrà nù. Adẹ́tẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó fi ọ̀kan purọ́: ó ní nígbà tí òun lu ọmọ òun lábàrá, òun tún ja á léèékánná.

Mo pa èkejì yẹn níbi ìpàdé àwọn ìyá ìjọ lọ́dún kan, lórí ẹnìkan tó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn, tó fa ìborùn rẹ̀ bo ọwọ́. Mo rò pé òtútù ló mú un. Àárọ̀ yìí tí mo ka ọ̀rọ̀ Màmá yìí ni mo tó rántí pé oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Baba_Olówe

Ẹ fẹ́ gba òwe lẹ́nu wa báyìí? Òwe kò bú ẹnì kankan. Ìyàtọ̀ láàárín kíkọ́ nǹkan àti bíbà á jẹ́ là ń wí, wàrà là ń wí.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́

Baba, wàrà kọ́ ni ìyá yẹn fi ìborùn bò.

Baba_Olówe

Ó dáa. Mo gbọ́.

Ọmọ_Ibùdó

Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Inú irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni ìyá àti bàbá mi ti pàdé.

Aláró, mo bẹ̀ ọ́, má fi ẹkún nìkan kún ìwé Màmá. Ìyá mi sọ pé ibẹ̀ lòun ti kọ́ ìwé kíkà, ibẹ̀ lòun ti kọ́kọ́ jó níwájú èèyàn. Wọ́n ní ọjà tiwọn, wọ́n ní àwọn àgbà tó ń parí ìjà, wọ́n ní ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n yá ara wọn lówó, wọn ò san án. Wọ́n gba ìyàwó ara wọn. Ọjọ́ tí ìyá mi ń pè ní ọjọ́ ìyà kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé síbẹ̀, ọjọ́ tó jáde ni. Nínú ibùdó, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ ń ka ìwé àwọn òkèèrè, ó dáa. Nílẹ̀ Ìgbò, Ikoli Harcourt Whyte náà ní àrùn yìí, ó sì gbé ní ibùdó Uzuakoli tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932. Òun ló ń darí àwọn akọrin ibẹ̀. Orin ló fi sọ tirẹ̀, lédè Ìgbò, ẹnu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣàìsàn ni orin náà sì ti kọ́kọ́ jáde. Ó kú ní 1977. Àwọn ìjọ nílẹ̀ Ìgbò ṣì ń kọ orin rẹ̀ títí dòní. Èmi, orin yẹn jẹ́ ìtàn ayé fún mi ju ìwé mìíràn lọ. Kò sọ bí àrùn ṣe rí. Ó sọ bí èèyàn ṣe dìde láàárọ̀.

Ìbéèrè tèmi nìyí: nínú ohùn mọ́kànlá tó o gbà sílẹ̀, kí ló ń pa Màmá lẹ́rìn-ín?

Nọ́ọ̀sì_Àgọ́

Ìbéèrè gidi. Kó o tó dáhùn, Aláró, nǹkan kan: ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá lálaalẹ́. Àrùn ti lọ, ṣùgbọ́n ibi tí kò mọ̀ lára kò padà. Ẹ má jẹ́ kó rìn láìwọ bàtà.

Aláró_Kékeré

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún Màmá lánàá. Ti bàtà yẹn, ó ní nọ́ọ̀sì kì í yí padà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà yẹn nìyẹn. Ti José tí wọ́n fi ọkọ̀ òkú gbé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní José ṣoríire, wọ́n tẹ́ nǹkan sí ọkọ̀ òkú, orí gẹdú lásán lòun jókòó sí. Ibi ìborùn, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ_Ibùdó, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín ni ẹyin adìyẹ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń jí ẹyin òyìnbó tó ń bójú tó ibùdó. Ọ̀rẹ́ yẹn ló ń jí i, torí ìka rẹ̀ ṣì gún. Màmá ló ń ṣọ́ ọ̀nà, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Wọ́n pín ara méjì ṣe ẹnì kan. Ọdún méje.

Mo wá bi í léèrè orúkọ. Ó ní orúkọ òun kò le. Kí n fi Màmá Aláṣọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n yọ orúkọ ìdílé kúrò kí ọkàn ẹ̀gbọ́n ìyá mi lè balẹ̀, òun kò fẹ́ kí ọmọbìnrin kankan pàdánù ọkọ nítorí ọwọ́ òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó ní kí n tan fóònù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ èyí rí nínú mọ́kànlá. Ó ti ṣí ìsọ̀ ní ìlú tuntun nígbà náà, ó ti ní oníbàárà. Ọ̀rẹ́ yìí jáde ní ibùdó, ó wá a títí, ó rí i. Ó dúró lẹ́nu ìsọ̀, ó ń kì í, oríkì tí ìyá Màmá máa ń kì láti òdìkejì odò, torí gbogbo ọjọ́ ọjà ni òun náà ń gbọ́ ọ. Àrùn ti hàn lójú ọ̀rẹ́ náà, ẹni tó bá rí i yóò mọ̀. Oníbàárà mẹ́ta wà níjòókòó. Màmá ní, "Ẹ ṣìnà, ìyá. Mi ò mọ̀ yín."

Ọ̀rẹ́ náà wò ó. Ó bèèrè iye aṣọ kan, kò dúnàá dúrà, ó sanwó, ó gbé aṣọ, ó lọ.

Màmá ní, "Èyí tí wọ́n ṣe sí mi, ẹ lè kọ ọ́ bó bá ṣe wù yín. Èyí, èmi ni mo ṣe é. Òun ni kó ṣáájú. Orúkọ rẹ̀ ni kó o kọ sí i, kó o kọ ọ́ ní kíkún."

Nítorí náà ọ̀rọ̀ ti yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Orúkọ tó fẹ́ kí n kọ kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi. Mi ò lè tẹ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ síta láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí Màmá rántí kò pọ̀: apá Ìkìrun ni wọ́n ti wá, amọ̀kòkò ni ìdílé ìyá rẹ̀.

Ọmọ_Ibùdó

Ìyá mi ṣì wà, iyè rẹ̀ ṣì mọ́. Ibùdó tiwọn lè má jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde níbẹ̀ máa ń gbúròó ara wọn. Má kọ orúkọ náà síbí. Fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá pè é lálẹ́ yìí.

Baba_Olówe

Fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo sọ fún yín pé mo ti ṣe alárinà rí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ìdílé.